Kọmíṣọ́nnà Tó Fi Omijé Pín Owó Ilé-Ìwé

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀gbẹ́ni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í fẹ́ rí ẹni tó jókòó nígbà tí òun bá ń kọjá. Kọmíṣọ́nnà Ètò Ẹ̀kọ́ ni. Láràárọ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ máa ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ní ìlà méjì láti dúró dè é. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú mọ́tò, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Bó bá gbé èkejì jáde, wọ́n á tún pàtẹ́wọ́. Ó wá di pé ó máa ń dá ẹsẹ̀ kejì dúró sínú mọ́tò díẹ̀, kó lè gbádùn àtẹ́wọ́ ti àkọ́kọ́ tán pátápátá.

Ọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì náà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: tí Kọmíṣọ́nnà bá buwọ́ lùwé, òun ni yóò kígbe pé, "Ọwọ́ yìí!" Ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà o. Ọkùnrin náà ní tábìlì tirẹ̀, ó ní fóònù lórí tábìlì, ó sì máa ń gba ìsinmi ọdọọdún, tí igbákejì rẹ̀ á máa bá a kígbe títí yóò fi dé. Àwọn ènìyàn kò tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀ mọ́, Ọwọ́-Yìí ni wọ́n ń pè é.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kì í pàtẹ́wọ́ láàárín gbogbo wọn, ìyẹn Akọ̀wé. Kì í ṣe pé ó láyà. Fáìlì ló máa ń kún ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ènìyàn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, onítìjú, tó ti sin Kọmíṣọ́nnà márùn-ún tẹ̀léra wọn, tó sì ti kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ fún márààrún láìsí ẹni tó dúpẹ́. Òun la ó máa bá rìn nínú ìtàn yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn án ju bí ọ̀gá rẹ̀ ṣe mọ̀ lọ.

Bó ṣe kàn án nìyí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ni ọ̀gá Ilé-ìwé Ìsàlẹ̀, tí gbogbo ọmọ ibẹ̀ ń pè ní Àǹtí Àgbà. Irínwó ọmọ ló wà níbẹ̀, wọn kò sì ní àga kankan. Orí sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń jókòó sí, orí itan ni wọ́n ti ń kọ̀wé, tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, kíláàsì mẹ́fà á sáré sínú yàrá méjì tí páànù rẹ̀ kò tíì lu. Ní òkè wọn gan-an, lẹ́yìn ọgbà, ni Ilé-ìwé Orí-Òkè wà. Ìyẹn ní gbọ̀ngàn, ó ní yàrá kọ̀ǹpútà, ó ní dùùrù ńlá kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n tẹ̀, tí olùtọ́jú kan sì ń nu eruku rẹ̀ lójoojúmọ́. Ìjọba kan náà ló ni ilé-ìwé méjèèjì.

Ìlànà ìpínwó àtijọ́ ló fà á. Ilé-ìwé tó bá ní gbọ̀ngàn ń gba owó gbọ̀ngàn. Èyí tó bá ní kọ̀ǹpútà ń gba owó kọ̀ǹpútà. Èyí tí kò bá ní nǹkan kan kò ní gba nǹkan kan, kí wọ́n má baà fi ohun tí kò mọ̀ dà á láàmú. Ọ̀rọ̀ yìí sú àwọn òbí, wọ́n lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà Gómìnà pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Gómìnà sì kọ̀wé sí Kọmíṣọ́nnà pé kó tún ìlànà náà ṣe kí ó lè tọ́ sí gbogbo ọmọ. Ó fi kún un pé ilé-ìwé tí owó kò bá kàn lábẹ́ ìlànà tuntun, kí wọ́n tì í pa, kí wọ́n pín àwọn ọmọ rẹ̀ sí ibòmíràn. Fún àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀, ibòmíràn wà ní òdìkejì títì ńlá kan tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kì í tẹ bíréèkì lórí rẹ̀. Àǹtí Àgbà kì í lè sùn tó bá rántí títì yẹn.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò mẹ́ta ni wọ́n pè. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì mú ìwé kan ṣoṣo wá.

"Kí lèyí?" Kọmíṣọ́nnà bi wọ́n, ó fi ìka méjì gbé ìwé náà sókè.

"Ìlànà ìpínwó tuntun ni, sà," èyí tó dàgbà jù nínú wọn dáhùn. "Ẹ ka iye ọmọ tó wà. Èyí tí kò ní àga àti ìwé, ẹ fi kún tiẹ̀. Èyí tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́, ẹ tún fi kún tiẹ̀. Ó parí, sà."

"Ó parí kẹ̀? Níbo ni èmi wà nínú rẹ̀?"

Àwọn onímọ̀ ìṣirò yí ìwé wọn síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Lóòótọ́, Kọmíṣọ́nnà kò sí níbẹ̀.

Ó bá dìde. Tó bá ti dìde báyìí, gbogbo ilé náà mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀sán ti di ti alẹ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" Ènìyàn mẹ́sàn-án péré ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́rin wà lára wọn. "Ẹ̀yin ọ̀pọ̀ èrò tí ẹ kóra jọ níwájú mi! Ṣé nọ́ńbà ní ojú ni? Ṣé nọ́ńbà mọ àánú? Ẹ fi nọ́ńbà kan hàn mí tó ti sunkún rí! Ṣùgbọ́n èmi, èmi tí ẹ ń wò yìí, mo lè sunkún. Mo ti sunkún rí. Ìgbà wo ni mo sunkún, ẹ sọ fún wọn!"

"Ọjọ́ tí wọ́n fi yín jẹ Kọmíṣọ́nnà ni, sà!" Ọwọ́-Yìí dáhùn.

"O káre! Láti òní lọ, ojú mi ni ìlànà ìpínwó. N ó máa lọ láti ilé-ìwé dé ilé-ìwé. Tí omijé bá bọ́ lójú mi ọ̀tún, ilé-ìwé náà gba ìdajì. Tí ó bá bọ́ ní òsì pẹ̀lú, ó gba owó kíkún. Tí ojú mi bá gbẹ, a ti ilé-ìwé náà pa. Ẹ máa pè mí ní Òṣùwọ̀n Alààyè!"

Akọ̀wé gbé ojú sókè láti wò bóyá ẹnìkan máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ọ̀gá ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń pàtẹ́wọ́ ní tiwọn, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti ń nu ojú. Lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n fi Ọwọ́-Yìí jẹ Ọ̀gá Aṣọ Ìnujú. Wọ́n fún un ní aṣọ funfun méjìlá àti ìwé ńlá kan tí yóò máa kọ ẹ̀kán omijé sí, ojú ọ̀tún lápá kan, ojú òsì lápá kejì. Àwọn onímọ̀ ìṣirò gba ilé lọ. Akọ̀wé fi ìwé wọn sínú fáìlì, nítorí kì í ju ìwé nù.

Ìrìnàjò bá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kọmíṣọ́nnà ti gbàgbé bí àwọn ilé-ìwé wa ṣe rí, ẹ̀yin kò sì ní gbàgbé. Tí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, ojú á máa ti ọ̀gá ilé-ìwé. Yóò ní òun kò lè jẹ́ kí ẹni ńlá bá òun ní ìhòòhò. Yóò yá àga níbí, yóò yá aṣọ fèrèsé lọ́hùn-ún, yóò tọrọ ọ̀dà funfun fi kun ibi tí mọ́tò àlejò máa dúró sí. Lẹ́yìn náà, gbogbo ẹrù á tún gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ilé-ìwé tí àlejò náà máa lọ tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí Òṣùwọ̀n Alààyè dé, àga aláwọ pupa kan ni wọ́n gbé fún un. Ó jókòó, ìṣó kan tó yọrí lára àga náà sì fà á ní ṣòkòtò ya. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ní ilé-ìwé kejì, wọ́n gbé àga aláwọ pupa fún un, ìṣó fà á ya ní ibì kan náà.

"Ìṣó mà pọ̀ ní ìpínlẹ̀ yìí o," ó wí fún Akọ̀wé.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Akọ̀wé dáhùn. Ó ti mọ àga náà. Òun àti àga náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kí ara wọn.

Ó di ilé-ìwé kẹta kí Kọmíṣọ́nnà tó wo abẹ́ ìdí rẹ̀. Ó rí ìṣó. Ó rí fọ́nrán òwú búlúù lára ìṣó náà, láti inú ṣòkòtò àkọ́kọ́. Ó rí fọ́nrán òwú eérú, láti inú ṣòkòtò kejì. Ariwo tó pa lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní rò pé ìsinmi ti dé ni, wọ́n sì gbé àpò wọn lọ sílé.

"Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́!" ó ń ké bọ̀ nínú mọ́tò. "Àga kan ló ń sáré níwájú mi! Kọ ọ́ sílẹ̀, Akọ̀wé! Ohunkóhun tí ojú Òṣùwọ̀n Alààyè bá ti rí nínú ọgbà ilé-ìwé kan, ti ilé-ìwé náà ni, láti ìṣẹ́jú tí ó ti rí i. Ẹni tó bá gbé e kúrò níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Kọ 'títí ayé' mọ́ ọn!"

"Mo ti kọ ọ́, sà."

"Kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì!"

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé òfin ìjọba, wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé, Kọmíṣọ́nnà buwọ́ lù ú, Ọwọ́-Yìí sì kígbe débi tí ohùn rẹ̀ fi há.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá Ilé-ìwé Orí-Òkè wá sí ọ́fíìsì. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó Kọmíṣọ́nnà ni, ọkùnrin tó sanra dáadáa, tó máa ń fọwọ́ pa ikùn rẹ̀ tó bá ń ronú. Akọ̀wé wà nídìí tábìlì kékeré ní igun yàrá, wọn kò sì kà á sí ènìyàn.

"Àna mi, ọ̀ràn wà o," ọ̀gá Orí-Òkè wí. "Tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa, kí lẹ máa sunkún sí? Ṣé dùùrù ni? Ojú yín á gbẹ, wọ́n á sì gba owó wa. Bẹ́ẹ̀ a ti fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, orúkọ yín la fẹ́ fi sọ ọ́, a ó sì gbé orí yín tí wọ́n fi òkúta gbẹ́ sí iwájú rẹ̀."

Kọmíṣọ́nnà fi kálàmù sílẹ̀. "Orí mi? Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó tóbi ju ti tòótọ́ lọ, àna mi."

"Ìlọ́po mélòó?"

"Ìlọ́po mẹ́ta."

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀. Ẹni tó lè sọ pé rárá sí owó, tó lè sọ pé rárá sí ilẹ̀, báwo ló ṣe máa sọ pé rárá sí orí ara rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta? Wọ́n bá dìmọ̀. Ilé-ìwé Orí-Òkè á kó gbogbo ẹrù rẹ̀ pamọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, àga, kọ̀ǹpútà àti dùùrù, sí Ìsàlẹ̀ lẹ́yìn ọgbà, nítorí pé obìnrin jẹ́jẹ́ kan ló wà níbẹ̀ tí kì í yan ẹnikẹ́ni jẹ. Kọmíṣọ́nnà á wá, á bá ilẹ̀ gbígbẹ, á sunkún pẹ̀lú ojú méjèèjì.

"Ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́, sà?" Akọ̀wé béèrè. "Ọjọ́ kan náà la fẹ́ lọ síbẹ̀."

"A ò ní lọ mọ́. Kọ ọ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ kò dára."

"Ọ̀nà kan náà ló lọ sí Orí-Òkè, sà. Ìsàlẹ̀ la ó tilẹ̀ kọ́kọ́ kàn."

"Kọ ọ́ pé ó dára lókè, kò dára nísàlẹ̀! Ojú mi kò ní rí i, nítorí náà ojú mi gbẹ sí i. Kí wọ́n tì í pa."

Akọ̀wé kọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó kọ ọ́, kí ẹ má baà rò pé akọni ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ìkọ̀wé náà sì dára.

Lọ́sàn-án Jímọ́ọ̀, ó gbéra lọ sí Ìsàlẹ̀. Ó bá àwọn ọmọ Orí-Òkè tí wọ́n ń gbé àga sọ̀kalẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí ọkùnrin mẹ́jọ sì gbé dùùrù sáàárín, tí wọ́n ń bú ara wọn. Àǹtí Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ júwe bí wọ́n ṣe máa tò wọ́n.

"Ẹ jẹ́ kó wọ inú kíláàsì, kí òjò má baà pa á," ó ń wí. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fọwọ́ kàn án o, ẹrù ẹlẹ́rù ni." Ó rí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ rèé! Wọ́n ní kí n bá wọn tọ́jú ẹrù. Mo bi wọ́n pé kí ni ilé-ìwé mi máa rí gbà, wọ́n ní ọ̀wọ̀."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìgbé ojú sókè. Ó sọ ti orí olókùúta. Ó sọ pé Kọmíṣọ́nnà kò ní wá, àti pé wọ́n máa ti Ìsàlẹ̀ pa.

Àǹtí Àgbà wò ó. "Ta ló kọ ọ́ síwèé pé ọ̀nà wa kò dára?"

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ ni, Àǹtí mi."

"Mi ò bi ẹ́ ní ẹni tó ní kí o kọ ọ́."

"Èmi ni mo kọ ọ́."

"Inú yàrá yìí ni mo ti kọ́ ẹ ní ìwé kíkọ," ó wí. "Lórí ilẹ̀ yìí. Ìwọ náà kò ní àga. Mo máa ń fi ìbòrí mi tẹ́ ilẹ̀ fún ẹ, kí orúnkún rẹ má baà bó." Kò pariwo. Ó yípadà, ó sì lọ bá àwọn tó gbé dùùrù.

Ojú ti Akọ̀wé débi tí kò fi lè dágbére. Ó fi ẹsẹ̀ rìn délé, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ gidigidi. Kò rí oúnjẹ jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ Ajé, fóònù dún lórí tábìlì rẹ̀. Ọ́fíìsì Gómìnà ni. Wọ́n ní Gómìnà ti gbọ́ nípa omijé Kọmíṣọ́nnà, ó sì fẹ́ wá fojú ara rẹ̀ rí i lọ́la. Wọ́n ní kó ka àwọn ilé-ìwé tó kù lójú ọ̀nà náà fún wọn. Akọ̀wé wo fáìlì tó wà níwájú rẹ̀, níbi tí ó ti kọ ọ́ pé ọ̀nà kò dára nísàlẹ̀. Ó tì í kúrò lórí tábìlì.

"Méjì ni," ó wí. "Ìsàlẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ kàn."

Kò parọ́, kò sì dọ́gbọ́n kankan. Òótọ́ nìkan ló sọ, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Kọmíṣọ́nnà ní tirẹ̀ yọ̀ ayọ̀ àyọ̀jù. Gómìnà ń bọ̀ wá wo òun sunkún! Ó fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ dánra wò níwájú dígí. Ojú ọ̀tún ń ṣe dáadáa, ti òsì ló ń ṣagídí. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ mọ́tò, Ọwọ́-Yìí jókòó tì í pẹ̀lú ìwé omijé. Mọ́tò Gómìnà wà níwájú. Wọ́n dé oríta, mọ́tò Gómìnà sì yà sí Ìsàlẹ̀.

"Ó ti ṣìnà!" Kọmíṣọ́nnà kígbe. "Fọn fèrè! Fọn fèrè!"

Awakọ̀ fọn fèrè. Gómìnà rò pé wọ́n ń kí òun ni, ó juwọ́ láti ojú fèrèsé.

Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni Gómìnà. Ó sọ̀kalẹ̀, ó wọ kíláàsì àkọ́kọ́, ó sì dúró gbọnin. Àwọn ọmọ wà lórí ìdúró wọn, wọ́n ń kọrin ìkíni. Ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni àga àti tábìlì wà lọ rẹrẹẹrẹ, tó ń dán yanran. Kọ̀ǹpútà wà létí ògiri. Dùùrù ńlá wà lábẹ́ ibi tí páànù kò lu. Ọ̀gá Orí-Òkè, tó ti sáré gba ẹ̀yìn ọgbà wá, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbàgbé láti fọwọ́ pa ikùn.

"Wọ́n sọ fún mi pé ilé-ìwé yìí kò ní nǹkan kan," Gómìnà wí. "Ta ló ṣe èyí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ bá mi pariwo sí Kọmíṣọ́nnà pé kó panu mọ́! Tó bá panu mọ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹlòmíràn á dáhùn, ọ̀rọ̀ á sì yọ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n ìyìn wà nílẹ̀, kò sì sí ẹni tó tíì mú un. Ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí àyà kó tó mọ̀.

"Èmi ni!" ó wí. "Èmi Òṣùwọ̀n Alààyè! Mo wo ilẹ̀ gbígbẹ yìí, àyà mi sì já. Mo ní, àga, jáde wá! Àga jáde wá! Mo ní, dùùrù, ìwọ náà máa bọ̀! Èyí tí ẹ ń rí yìí, ọwọ́ mi ló ti wá, Ìyá wa, kò sí alábàápín!"

Àǹtí Àgbà kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú Kọmíṣọ́nnà. Ìwé òfin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé-ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀. "A dúpẹ́ o, Ọlọ́lá jùlọ. Ẹ má bínú, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí àwọn àga náà dáadáa?"

"Mo rí wọn!"

"Àti kọ̀ǹpútà, sà?"

"Mo rí i kedere!"

"Àti dùùrù?"

"Pẹ̀lú ojú mi méjèèjì!"

"Ẹ ṣeun, sà," Àǹtí Àgbà wí, ó sì dìde. Ọ̀gá Orí-Òkè fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra ń sọ̀kalẹ̀ lára rẹ̀.

Ó ku Orí-Òkè. Kọmíṣọ́nnà ní orí ń fọ́ òun. Ó ní ọ̀nà kò dára lókè. Gómìnà ti wọ mọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, àwọn ọmọ olówó ibẹ̀ jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò funfun wọn, wọ́n sì fajú ro, nítorí ọjọ́ kejì tí wọ́n ti wà nílẹ̀ nìyí.

"Àga yín dà?" Gómìnà bi ọmọbìnrin kan tó wà níwájú.

"Ó wà nísàlẹ̀, mà," ọmọ náà dáhùn. "Àwa fúnra wa la gbé e. Wọ́n ní ká gbé e lọ síbẹ̀ kí Kọmíṣọ́nnà lè sunkún."

Kọmíṣọ́nnà sì sunkún! Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín. Kò fún ojú, kò fi ata sí i, omijé gidi ló ń dà gbuurugbu, ojú òsì tó ti ń ṣagídí tilẹ̀ ṣáájú. Ọwọ́-Yìí, tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́, ṣí ìwé ńlá.

"Ojú òsì!" ó kígbe. "Ojú ọ̀tún! Owó kíkún! Ó ń bọ̀ síi, ẹ fún mi ní ìwé mìíràn!"

Gómìnà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ara mú mọ́ fèrèsé. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní kí Akọ̀wé ka òfin ohun-tí-ojú-rí fún òun. Akọ̀wé kà á, títí dórí "títí ayé" ti ẹ̀ẹ̀kejì.

"Ọwọ́ ta ló wà lábẹ́ rẹ̀?" Gómìnà béèrè.

"Ọwọ́ yìí!" Ọwọ́-Yìí kígbe, ó sì na ìka sí Kọmíṣọ́nnà. Ó ti mọ́ ọn lára ni.

"Ó dára. Ohun tó wà ní Ìsàlẹ̀, kó wà ní Ìsàlẹ̀. Akọ̀wé, mo gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ìṣirò kọ ìlànà kan rí."

Ó wà nínú fáìlì. Gómìnà kà á ní ìdúró, kò gbà á ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì buwọ́ lù ú lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò. Ẹnikẹ́ni kò kígbe. Báyìí ni owó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé ọmọ, tí ẹni tí kò ní sì ń gba ìpín tó pọ̀ jù. Wọn kò ní ti Ilé-ìwé Ìsàlẹ̀ pa mọ́.

Ẹ má wulẹ̀ káàánú Orí-Òkè. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, àwọn òbí wọn ti ra àga tuntun kún ibẹ̀, èyí tó rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọ̀gá wọn ni wọn kò fi sílẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí ibi tí yóò ti máa ka iye ṣọ́ọ̀kì. Ní ti Kọmíṣọ́nnà, ìwé tí wọ́n fi lé e lọ kò ju ìlà méjì lọ, èyí ló sì dùn ún jù. Nígbà tó wá kó ẹrù rẹ̀, kò sí ẹni tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan jáde nínú mọ́tò, ó dúró. Ó dúró títí awakọ̀ fi ní òun fẹ́ lọ jẹun.

Akọ̀wé gba Ìsàlẹ̀ lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà gan-an, kété tí mọ́tò Gómìnà ti lọ. Ó sáré ni, bó ti dàgbà tó, fáìlì ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. "Àǹtí mi! Ó ti di tiwa! Gómìnà ti buwọ́ lù ú!"

Àǹtí Àgbà fi ìka sétè, ó sì ní kó yọjú wo inú kíláàsì.

Àwọn ọmọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, ní àárín àga àti àga, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò, wọ́n sì ń kọ ìṣirò wọn lórí itan. Wọ́n ṣọ́ra gidigidi kí èjìká wọn má baà kan tábìlì.

"Mo ti sọ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹta," Àǹtí Àgbà wí. "Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, wọ́n sì tún jókòó sílẹ̀." Ó wọlé. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dìde. Ẹ jókòó sórí àga."

Ọmọbìnrin kékeré kan gbé ojú sókè. "Tí ẹlẹ́rù bá dé ńkọ́, mà?"

Àǹtí Àgbà yíjú sí àbúrò rẹ̀. Akọ̀wé ló kó fáìlì rẹ̀ sílẹ̀. Ó mú ọmọ náà lábẹ́ apá, ó gbé e sórí àga, ó sì tì í sún mọ́ tábìlì.

"Ẹlẹ́rù ti dé," ó wí.